Ìyá Ìyàwó Kun Dáì, Irun Di Aláwọ̀ Mẹ́ta ní Apẹ̀tẹ̀!

Bí télọ̀ bá rán aṣọ tí kò bá ara mu, ẹni tó ni aṣọ lè ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí káfíńtà bá kan àga tó wọ́, a lè gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn wa, bí onídìrí bá ba irun jẹ́, orí la ó máa fi gbé e kiri. A ó gbé e dé ọjà, a ó gbé e dé ilé àna, kò sì sí ẹni tí a ó pàdé tí kò ní í rí i. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ irun fi tètè ń di ariwo láàrin àwọn obìnrin, tí àwọn tó jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu lánàá kò fi ní í kí ara wọn mọ́ lónìí. Díẹ̀ ló kù kí ó rí bẹ́ẹ̀ láàrin ìyá aláṣọ kan àti onídìrí rẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, n'Íbàdàn níbí.

Ẹni tó bá mọ Apẹ̀tẹ̀ yóò jẹ́rìí pé ṣọ́ọ̀bù onídìrí kò wọ́n níbẹ̀. Polí Ìbàdàn tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1970 ló fà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló kún àdúgbò náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í fi irun ṣeré. Bí wọ́n ti ń fẹ́ wáìnì ni wọ́n ń fẹ́ góòlù. Orí tó pọ́n lọ́sẹ̀ yìí lè mọ́ yòò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá àgbà tó bá rí wọn á ní ayé ti bàjẹ́, á sì tún rọra bojú wẹ̀yìn kí ó lè wò ó dáadáa. Onídìrí tí à ń wí yìí ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Ó ti kọ́ ọmọọṣẹ́ púpọ̀ yanjú. Kì í ṣe òpè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí bí nǹkan bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé kò mọṣẹ́.

Ańkárá àti léèsì ni ìyá aláṣọ náà ń tà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ìgbéyàwó. Ewú ti tètè hù lórí rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń fi yọ́ńbò pa á mọ́lẹ̀, ìyẹn dáì dúdú lúbúlúbú tí wọ́n ń fi omi pò, tí tọkùnrin tobìnrin ń pè ní yọ́ńbò láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń kùn ún nínú balùwẹ̀, tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, kò sọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀. Ní ti ìgbéyàwó yìí, dúdú náà sú u. Ó fẹ́ kí irun òun rí bíi ti obìnrin kan tó wà lára páálí dáì, pupa rúsúrúsú bí àga ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ìyá ìyàwó fẹ́ fi irun ṣe lábẹ́ gèlè? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ sí òde ìyàwó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àárọ̀ ni gèlè wà fún. Bí ó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ aṣọ, irun ni gbogbo ayé ń wò, fọ́tò sì wà nílẹ̀ tí yóò máa jẹ́rìí títí láé.

Nígbà tó ku ọ̀la tí yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyá aláṣọ wo dígí, ó rí ewú bíi mélòó kan tó ń yọjú létí. Ojú tì í. Ó ní òun ò lè gbé ewú lọ sí ibi tí àwọn ọmọ Polí kún sí fọ́fọ́. Ló bá po yọ́ńbò, ó tún fi kun orí kárí. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹni tó kọ́kọ́ fọ aṣọ kó tó gbé e lọ fún alágbàfọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, torí pé nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, irun rẹ̀ dúdú kirikiri bíi ti ọmọ ogún ọdún, onídìrí sì rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

“Àǹtí, èyí ni mo fẹ́.” Ó na ọwọ́ sí páálí.

“Ìyá ìyàwó! Kò le rárá. Wákàtí méjì péré, àwọn àna yín á máa béèrè pé èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ìyàwó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ò bi ẹnì kejì ní nǹkan kan.

Onídìrí kun dáì rúsúrúsú náà, wọ́n dúró, wọ́n fọ̀ ọ́. Dúdú ni irun wọlé, dúdú náà ló jáde. Ìyá aláṣọ fajú ro. Onídìrí ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé irun wọn ló lágbára, òun máa ṣí i díẹ̀. Ló bá po blíìṣì mọ́ pẹrọ́sáìdì, ìyẹn èyí tí àwọn ará wa ń pè ní haidirójìn, ó fi kun irun láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọọṣẹ́ kan tó ń gbálẹ̀ wo orí ìyá náà. Ó dákẹ́. Ó tún wò ó, ó wá gbé ìgbálẹ̀, ó lọ ń gbá ìta.

Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, irun ti di aláwọ̀ mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ mọ́ yòò bí èèpo ọsàn. Àárín rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni, dúdú ló wà. Ọmọ Polí kan tó jókòó sábẹ́ dráyà ní, “Mọ́mì, ó rẹwà o.” Àánú ló jẹ́ kó sọ ọ́, ìyá aláṣọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù wá ba onídìrí, ẹ̀rù kò sì gba ènìyàn nímọ̀ràn rere rí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, oníbàárà ń mí hẹlẹ, ló bá gbé wáìnì, ó tún fi lé e lórí. Kẹ́míkà kẹta rèé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí irun tí wọ́n ti fi rílásà sí lọ́sẹ̀ márùn-ún ṣáájú. Awọ orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

“Àǹtí, ó ń ta mí o.”

“Ẹ fara dà á díẹ̀, ìyá ìyàwó, ó ti ń mú un.”

Ohun tó mú nìyẹn. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ìyá aláṣọ jáde, ó we ìborí mọ́ orí, ó san N15,000 tí wọ́n jọ dá lé e, torí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe. Ẹni tí orí ń ta kì í ráyè nájà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi kóòmù kan irun, irun sì tẹ̀lé kóòmù bí òwú. Lẹ́yìn etí rẹ̀, awọ orí ti bó. Èrò méjì ló wá sí i lọ́kàn. Èkíní, kí ó pe àbúrò rẹ̀ tó lẹ́nu bí abẹ, kí wọ́n jọ lọ gbé ariwo ka onídìrí mọ́lẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Èkejì, kí ó ra yọ́ńbò páálí méjì, kí ó pa gbogbo rẹ̀ dúdú kí ẹnikẹ́ni tó jí. Èkejì yìí ló yá a lára jù. Ó ti rán ọmọ níṣẹ́, owó ti wà lọ́wọ́ ọmọ, kí ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tó jáde láti yàrá.

Ìyá àgbà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ aró ni wọ́n sì fi ṣe ọmọge ní Ìtòkú kí wọ́n tó bá ọkọ wá sí Ìbàdàn. Wọ́n wo orí ọmọ wọn bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ṣì mú nínú ìkòkò aró. Wọn ò bú u, wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Yọ́ńbò ni, Màmá.”

“Ìgbà mélòó?”

Ọmọ kò lè ka iye rẹ̀.

“O ò sì sọ fún onídìrí?”

“Kò bi mí.”

“Hẹn-ẹn. Ìwọ náà, gbé yọ́ńbò yẹn sílẹ̀. Aró kì í ṣí aró kúrò. Aṣọ tí a bá ti rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí o bá fẹ́ kó mọ́, aró mìíràn kọ́ lo máa gbé lé e. Tí o bá ní o fẹ́ fi sódà fà á, aṣọ ló máa kọ́kọ́ ya. Irun yẹn ti rẹ̀. Tí o bá tún fi nǹkan lé e lónìí, orí pípá lo máa gbé lọ sí ìgbéyàwó ọmọ ẹ.”

Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ ra yọ́ńbò, wọ́n sì rán an lọ ra òróró àgbọn.

Obìnrin tí kò mọ̀wé kà yìí sọ ohun tí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ irun ń sọ gan-an. Irun ọmọ ènìyàn ní oríṣi àwọ̀ méjì nínú, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa tó fara pẹ́ yẹ́lò. Nínú irun tiwa, dúdú yẹn ló bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí blíìṣì bá wọlé, dúdú ló kọ́kọ́ ń jẹ. Pupa á yọjú, àwọ̀ ọsàn á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yẹ́lò tó dé. Kò sí onídìrí tó lè fo ọ̀nà yìí, ìbáà ṣe ní London. Irun tó di àwọ̀ ọsàn, ẹ má sọ pé ayé ló ṣe é. Iṣẹ́ tó dúró lágbedeméjì ọ̀nà ni. Èyí tó wá fi di aláwọ̀ mẹ́ta ni pé yọ́ńbò tó wà ní ìdí irun kò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n ṣóńṣó tó ti pẹ́ lórí ti gbà á ju ogún ìgbà lọ. Ooru tó wà lára awọ orí náà tún máa ń jẹ́ kí blíìṣì yá ní ìdí irun ju ibòmíràn lọ. Nítorí èyí ni onídìrí tó bá fara balẹ̀ fi máa ń fi ìdí irun ṣe ìgbẹ̀yìn.

Dáì tó ń pẹ́ lórí ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ara irun ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Amóníà inú dáì á ṣí ìpẹ́ náà, èròjà àwọ̀ á rá wọlé ní kéékèèké, wọ́n á wá so mọ́ ara wọn nínú ibẹ̀, wọ́n á tóbi, wọn ò ní lè gba ọ̀nà tí wọ́n bá wọlé jáde mọ́. Bí ọmọdé tó ki ọwọ́ bọ ìgò, tó di ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà mú, tí ọwọ́ kò wá yọ. Ìdí rèé tí ọṣẹ kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò, tí dáì rúsúrúsú kò sì fi hàn lórí yọ́ńbò. Obìnrin ara páálí tó rẹwà yẹn, irun tirẹ̀ kò ní yọ́ńbò nínú.

Ọ̀rọ̀ sódà tí ìyá àgbà sọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan irun ju bí ènìyàn ti rò lọ. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró Ẹ̀gbá fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni. Ní ọdún 1856, ọmọ London kan tó ń jẹ́ William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá bí òun yóò ṣe ṣe kuiníìnì, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀. Kò rí oògùn. Àwọ̀ kan tó jọ ti àlùkò ló rí, láti inú èròjà tí wọ́n ń fà yọ lára ọ̀dà èédú. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti ń fa oríṣiríṣi àwọ̀ jáde lára ọ̀dà. Ní ọdún 1897 ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé ẹ̀lú àtọwọ́dá jáde fún títà. Ní ọdún 1907 ará Faransé kan, Eugène Schueller, ṣe dáì irun. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1909 ni a mọ̀ lónìí sí L'Oréal. Aró aṣọ àti dáì irun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀lú àtọwọ́dá náà dé Abẹ́òkúta, sódà kọ́sítíìkì sì bá a dé. Iṣẹ́ wá yá. Ṣùgbọ́n sódà le lára aṣọ àti lọ́wọ́ tó ń rẹ aṣọ, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ pé àdìrẹ kò dára tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é. Àwọn ìyá aláró kò gbà, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé lọ́dún 1936 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí iṣẹ́ àdìrẹ. Sódà tí wọ́n ń jà lé lórí nígbà yẹn náà ló wà nínú rílásà tí ó le jù lọ lára àwọn tí à ń fi na irun lónìí. Irun tí sódà ti bá jà lọ́sẹ̀ márùn-ún ṣáájú, tí blíìṣì tún wá bá jà, tí wáìnì tún gùn lé e, ó yani lẹ́nu pé èyíkéyìí tiẹ̀ kù lórí.

Ọjọ́ kẹta, etí ìyá aláṣọ wú díẹ̀, ó ń yún un, ó sì rọlẹ̀. Orí ló kó o yọ, torí dáì lè wú ojú ènìyàn dé. Èròjà kan wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, òun náà sì ni àwọn kan ń dà sínú làálì kó lè dúdú kíákíá. Ẹni tí làálì dúdú bá ti sọ lára rí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú dáì bẹ́ẹ̀ rárá, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìba díẹ̀ sẹ́yìn etí, kó sì dúró fún wákàtí 48. Bí ojú bá wú tàbí tí èémí bá ń há, ẹ má fi àgbo ṣàwárí. Ilé ìwòsàn ni.

Ó wá ku ìjà. Àbúrò ìyá aláṣọ ti dé, ó ti ṣán aṣọ mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ àti onídìrí jọ wà nínú àjọ kan náà ni, ìyá aláta kan ló sì ń kó àjọ náà jọ. Ìyá àgbà ní kí wọ́n lọ pe ìyá alájọ wá kí ẹnikẹ́ni tó lọ ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jókòó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ, láàrin àwọn péálì léèsì tí wọ́n kó jọ fún aṣọ ẹbí.

Onídìrí kò tiẹ̀ lè wo orí náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, pé òun ti ra nǹkan tó máa mú gbogbo rẹ̀ bára mu. Ìyá àgbà ní rárá. Wọ́n ní onísódà kì í tún aṣọ tó ya ṣe pẹ̀lú sódà.

“Tí mo bá mọ̀ pé yọ́ńbò wà níbẹ̀ ni, mi ò ní gbé blíìṣì sí i,” onídìrí wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ bi wọ́n, wọn ò sọ fún mi.”

“Ṣé kí n kọ ọ́ síwájú orí ni pé mo ní ewú?” ni ìyá aláṣọ dáhùn.

Ìyá alájọ gbé ọwọ́ sókè. Ó kọjú sí ìyá aláṣọ. “Tí oníbàárà ẹ bá gbé léèsì tó ti ṣá padà wá, kí lo máa ń kọ́kọ́ bi í?”

“Mo máa ń bi í pé kí ló fi fọ̀ ọ́.”

“Àǹtí, o gbọ́? Aṣọ lásán nìyẹn o. Orí ènìyàn wá délẹ̀, o ò béèrè nǹkan kan.”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi ti tẹ̀ síhà onídìrí. Oníbàárà fi ewú pamọ́, òtítọ́ ni. Ta ló ń gbé ewú rẹ̀ sórí àtẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tó níṣẹ́ ló ni ìbéèrè. Bí ó bá gé ìdì irun bíńtín kan láti ẹ̀yìn, tó dán blíìṣì wò lára rẹ̀ nínú abọ́, kò ní gbà á ju ìdajì wákàtí lọ, gbogbo àṣírí yọ́ńbò ni ì bá tú. Dáì àkọ́kọ́ tí kò mú yẹn náà, ohùn irun ni, ó ń sọ pé nǹkan wà nínú òun. Ti wáìnì yẹn ló wá burú jù. Kì í ṣe àwọ̀ tí oníbàárà béèrè, kì í sì í ṣe ìgbà tó yẹ kó wọ orí. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti rí i pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, tó dúró, tó ní “ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí,” owó ọjọ́ kan ló máa pàdánù. Onídìrí yìí fẹ́ gba owó ọjọ́ yẹn là.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú lásán ni oníbàárà ń bẹ̀ nírú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ pé bí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn kò bá kún ojú ìwọ̀n, ẹni tó sanwó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ tó tọ́ padà nínú owó rẹ̀. Òfin náà kò yọ onídìrí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ní rìsíìtì lọ́wọ́, tó ya fọ́tò orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ á lágbára. Ìyá aláṣọ kò ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ó ní ìyá alájọ, ní Apẹ̀tẹ̀ ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

N10,000 ni onídìrí dá padà. N5,000 tó kù, wọ́n ní ìyẹn lọ fún dáì tí wọ́n ti pò àti ẹnu tí oníbàárà pa mọ́. Ìyá aláṣọ kò fẹ́ gba èyí tán, ó ní awọ orí òun tó bó ńkọ́? Wọ́n fi kún un pé onídìrí ni yóò máa tọ́jú orí náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, láìfi kẹ́míkà kankan kàn án. Àbúrò ṣì ń kùn nígbà tí wọ́n tú ká.

Ìtọ́jú náà kò ní idán nínú. Omi tútù àti ṣáńpù tí kò le, láìha awọ orí. Kọ́ńdíṣọ́nà tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ lórí kí wọ́n tó ṣàn án. Òróró àgbọn lálaalẹ́. Kò sí dráyà, kò sí ìdìrí tó fún, kò sí òwú tó ń fa irun níwájú. Òtútù iṣẹ́ yìí ló nira jù fún onídìrí, torí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti ṣe nǹkan.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tún wo orí náà. Etí ti jinná. Ìdí irun ṣì mọ́ yòò, ibi tó ti já kò ṣeé kà. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi wíìgì bò ó. Ìyá aláṣọ fi í lé orí, ó wo dígí, ó ní òun ò ní jó pẹ̀lú fìlà ẹlòmíràn lọ́jọ́ ọmọ òun. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gé e.

Onídìrí mú sísọ́ọ̀sì, kò tètè gé e. Ìyá aláṣọ ló ní, “Ṣe é, àǹtí. Ó ti tó.” Bí irun ṣe ń bọ́ sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Wọ́n gé e títí ó fi ku bí ìka méjì. Lẹ́yìn náà ni onídìrí gé bíńtín lára èyí tó bọ́ sílẹ̀, ó fi dáì rúsúrúsú tó dúdú díẹ̀, irú èyí tí kò ní amóníà tí kì í ṣí irun, dán an wò nínú abọ́. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó níta lójú oòrùn. Ó mú bákan náà. Ó tún fi díẹ̀ sẹ́yìn etí ìyá aláṣọ, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì sí i. Wọ́n padà wá, kò wú, kò yún, ìgbà náà ló tó kùn ún.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gèlè wà lórí láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́ ó ṣí i. Àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ jà ló kọ́kọ́ ki í. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọrùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Kò padà sídìí yọ́ńbò mọ́. Irun ń hù tó bí ìdajì íǹṣì lóṣù. Nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, wọ́n ti gé gbogbo èyí tí dáì wà nínú rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù lórí jẹ́ dúdú àti funfun tó dà pọ̀ mọ́ra, fúúfúú níwájú, dúdú lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tí wọ́n ń gé etí rẹ̀ bọ́ sípò, ọmọ Polí kan wọlé, ó dúró, ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

“Àǹtí, irú dáì tó wà lórí mọ́mì yìí ni mo fẹ́. Kí lorúkọ ẹ̀?”

Ìyá aláṣọ bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ mú ìwé kan tó so mọ́ ara ògiri pẹ̀lú bírò, ó fa àga fún ọmọ náà.

“Jókòó ná. Láti ọdún tó kọjá títí di òní, kí lo ti fi sórí?”